Owó Fàdákà Tí Mo Yọ Lára Ẹ̀wọ̀n Ọba

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la igi gẹdú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ariwo ayùn níbẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ẹnì kejì, ó sì bá mi lára mu bẹ́ẹ̀. Ogun ò jẹ́ kí n parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ má retí gbólóhùn aládùn lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo ṣe ni mo fẹ́ sọ, àti ẹni tí mo ṣe é sí.

Ewald Bothe ni orúkọ mi. Rabental ni abúlé wa, láàrin òkè Harz. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn Lisbeth ìyàwó mi, nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ràn láyé: owó fàdákà àtijọ́, ti ìgbà tí ilẹ̀ Jámánì ò tíì di ọ̀kan, tí ọmọba kọ̀ọ̀kan ń rọ owó tirẹ̀. Èyí tí ó mú mi lọ́kàn jù nínú wọn ni Taler Ọkùnrin Igbó. Ọkùnrin kan wà lára rẹ̀, onírùngbọ̀n, ìhòòhò goloto, ó fa odidi igi tu pẹ̀lú gbòǹgbò, ó dì í mú bí ọ̀pá ìtilẹ̀. Abẹ́ òkè wa níbí ni wọ́n ti wa fàdákà tí wọ́n fi rọ ọ́. Àwọn baba ńlá mi wà nínú àwọn tó wà á, wọn ò sì ní ẹyọ kan lápò nígbà tí wọ́n kú.

Ẹni tó kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa owó wọ̀nyí ni Bàbá Hanke, Alois Hanke tó ń tún aago ṣe. Ará Silesia ni, ilẹ̀ tí ogun lé wọn kúrò ní ìhà ìlà-oòrùn. Ẹ̀yìn ogun ló dé abúlé wa pẹ̀lú àpótí kan àti ìyàwó tó ń ṣàìsàn. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tó ti wà pẹ̀lú wa, àwọn kan ò sì tíì yéé pè é ní àlejò.

Gbogbo ọ̀sán Sátidé ni mo máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Etí, Ewald, etí ni kí o dì mú!" ni yóò máa pariwo. "Kí lo ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ lójú sí? Ṣé búrẹ́dì ni?"

Kò ní ọmọkùnrin. Èmi náà ò ní bàbá mọ́. A ò sọ ọ́ fún ara wa rí, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì mọ̀.

Ọmọba kan wà tó rọ Ọkùnrin Igbó fún ọdún mẹ́rìnlá léraléra. Mo ti ní mẹ́tàlá níbẹ̀. Mo tò wọ́n sínú àpótí pẹlẹbẹ kan tí mo fi àrán pupa tẹ́ nínú. Àyè kan ṣoṣo ló ṣófo: ti ọdún 1629. Ọdún méje ni Bàbá Hanke fi bá mi wá a. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí àpótí náà, àyè òfìfo yẹn ni ojú mi máa ń lọ. Mi ò rí mẹ́tàlá tó kù mọ́.

Nígbà tó yá ni mo di ọba.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹgbẹ́ àwọn atamátàsé ló ni ayẹyẹ tó tóbi jù ní abúlé wa. Ẹni tí ọta ìbọn rẹ̀ bá sún mọ́ àárín pátákó jù lọ ni Ọba fún ọdún kan gbáko. Kò sí adé. Ẹ̀wọ̀n fàdákà ni wọ́n máa ń gbé kọ́ ọ lọ́rùn, owó fàdákà àtijọ́ ló sì wà lára rẹ̀ yíká, èyí tí àwọn ọba ìṣáájú fi sílẹ̀ láti nǹkan bí igba ọdún.

Mi ò ta ọta tó gún régé rí kí ọdún yẹn tó dé. Bí mo ṣe ta á, tí wọ́n lọ wo pátákó, ni Kord alápatà ké:

"Ewald! Ẹ̀yin èèyàn, odi ti jọba lé wa lórí!"

"Ọba tó dára nìyẹn," ni ẹlòmíràn dáhùn. "Kò ní bá ẹnikẹ́ni wí."

Ilé ọba ni ẹ̀wọ̀n náà máa ń gbé títí ọdún yóò fi yí. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí ọmọdé pàápàá mọ̀: ọba lè wọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ nù ún. Ìdílé tó fi owó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nìkan ló lè nu tirẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, láàárọ̀ Sátidé ayẹyẹ, lójú gbogbo èèyàn. Bí ìdílé kan bá kú tán tàbí tí wọ́n bá ṣí lọ, owó wọn á máa dúdú lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹyọ kan báyìí wà lára rẹ̀, ó dúdú bí èédú. Ti ìdílé Kassebaum ni. Bàbá náà ti kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, Hedwig, sì ti lọ́kọ lọ sí Kassel láti nǹkan bí ogún ọdún.

Lọ́sàn-án Sunday kan, mo gbé ẹ̀wọ̀n náà sórí tábìlì ilé ìdáná. Mo mú awò tí mo fi ń wo owó. Mo yí ti Kassebaum síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún. Lábẹ́ dúdú yẹn mo rí igi, mo rí irùngbọ̀n. Mo wá nọ́ńbà ọdún.

1629.

Mo nu awò náà, mo tún wò ó.

Lisbeth wọlé. "Kí lo ń wá lára ẹ̀wọ̀n yẹn bí ẹni ń wá iná lórí ọmọ?"

"Kò sí," ni mo sọ.

Èyí ni irọ́ àkọ́kọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá ara mi jà. Mo ní, owó yìí ò lólówó mọ́. Mo ní, kò sẹ́ni tó ń wò ó, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó jẹ́, èmi nìkan ní gbogbo Rabental ni mo lè tọ́jú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo ní, mi ò ní jí i, mo kàn máa pààrọ̀ rẹ̀ ni. Ti 1624 tí mo ní jẹ́ méjì, Bàbá Hanke ló ta èyí tó lé fún mi. Ọmọba kan náà, ọkùnrin kan náà, igi kan náà. Kí ni ìyàtọ̀?

Ẹ ò rí i bí èèyàn ṣe ń bá ara rẹ̀ ṣẹjọ́, tí òun náà á tún dá ara rẹ̀ láre.

Lọ́jọ́ Sunday kẹrin, Lisbeth lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo yọ owó Kassebaum. Òrùka kékeré kan wà lórí rẹ̀, òun ni wọ́n fi so ó mọ́ ẹ̀wọ̀n. Mo gé òrùka náà kúrò. Fáìlì tí mo fi ń pọ́n ayùn níbi iṣẹ́ ni mo fi ha ojú ibi tó wà títí kò fi hàn pé òrùka wà níbẹ̀ rí. Mo fi òjé jó òrùka náà mọ́ ti 1624, mo sì so ó mọ́ ẹ̀wọ̀n.

Ṣùgbọ́n tèmi ń dán, ti Kassebaum dúdú. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí i. Mo se ẹyin mẹ́fà, mo fọ́ wọn sínú ìgò ńlá kan, mo fi ẹ̀wọ̀n kọ́ sí ẹnu ìgò kí owó náà lè wà nínú ẹyin, mo sì dé e. Ẹyin máa ń sọ fàdákà di dúdú.

Lisbeth dé kí n tó palẹ̀ ìgò náà mọ́.

"Ẹyin mẹ́fà!" ni ó ké. "Ewald, èyí tí wọ́n bá ti sè kì í pa ọmọ mọ́ o!"

"Mò ń dán nǹkan wò lára owó kan ni."

"Ìwọ àti owó rẹ. Wàá jẹ gbogbo ẹyin yìí ni."

Mo jẹ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jẹ ẹ́.

Mo gbé ti 1629 sí àyè rẹ̀ lórí àrán pupa. Ó pé mẹ́rìnlá. Ẹ gbọ́, mo ti dúró de ọjọ́ yẹn fún ọdún méje, mo sì rò pé inú mi á dùn débi tí n ó sunkún. Mo jókòó wò ó títí. Ohun tí mo rí ni etí tí mo fi fáìlì ha. Mi ò lè fi í han Bàbá Hanke. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo lè fi í hàn láyé yìí, òun gan-an ni mi ò lè fi í hàn.

Nígbà òtútù, ìsopọ̀ méjì já lára ẹ̀wọ̀n náà. Ọ̀gá Ahlborn, olórí ẹgbẹ́ wa, ní kí n gbé e lọ fún Bàbá Hanke. Mo gbé e lọ. Mo dúró tì í títí ó fi tún un ṣe tán, kí ó má bàa yí ti Kassebaum padà wò. Kò yí i. Ó ní, "Kí ló dé tí o fi ń mí lé mi lọ́rùn bí ẹṣin?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti parí.

Oṣù kẹfà ni Ọ̀gá Ahlborn pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́. Inú rẹ̀ ń dùn.

"Ewald, o ti gbọ́? Hedwig ọmọ Kassebaum ti padà wálé! Ọkọ rẹ̀ kú, ó ti kó padà sínú ilé bàbá rẹ̀. Ó ní ohun àkọ́kọ́ tí òun fẹ́ ṣe ni kí òun nu owó bàbá òun. Ẹ̀wọ̀n wa máa dán yípo lọ́dún yìí!"

Mo padà sídìí ayùn, ọ̀gá mi sì lé mi kúrò níbẹ̀ torí pé igi méjì ni mo ti là bàjẹ́.

Ayẹyẹ ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mo lọ kí Hedwig. Ó ti tó ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta, egungun ìka rẹ̀ ti wú.

"Àǹtí Hedwig," ni mo sọ, "nípa owó yẹn. Ẹ má ṣe ìyọnu. Ìka yín yìí, ẹfun tí wọ́n fi ń nu owó máa dà á láàmú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín nù ún."

"Ìwọ? Ọba?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé ọ kúrò lábúlé ni? Ogún ọdún ni mo fi ronú nípa owó yẹn, Ewald. Bí ìka mi tilẹ̀ gé, mà á nù ún."

"Ó kàn dúdú gan-an ni."

"Á mọ́. Bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí ewúrẹ́ tó ń ya agídí, ṣùgbọ́n ó máa ń mọ́."

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, mo fi ti 1629 sápò mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Hanke. Mo ti pinnu. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi jó òrùka padà sí i kí Sátidé tó dé. Mo fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Mi ò tíì ti ilẹ̀kùn tán tó ti fò dìde.

"Ewald! Jókòó, jókòó! Dijú!"

"Bàbá Hanke, mo ní ọ̀rọ̀ kan..."

"Ọ̀rọ̀ lè dúró. Dijú, mo ní!"

Ó fi nǹkan kan sí àtẹ́lẹwọ́ mi, nínú àpòòwé kékeré. Mo la ojú. Ọkùnrin Igbó ni. 1629. Kò ní ìpalára kankan.

"Ọkùnrin kan ní Braunschweig ló fi ránṣẹ́ kí a wò ó," ni ó sọ. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Mo ti bá a dúnàádúrà. Ọdún méje! Mo rò pé mà á kú kí n tó rí i. Kí ló dé? Kí ló dé tí o fi ń wò mí bẹ́ẹ̀? Ṣé kò dára ni?"

Èyí tí mo jí wà lápò mi, ó ń tẹ itan mi.

"Ó dára," ni mo sọ. "Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Kí ni ọ̀rọ̀ tí o fẹ́ sọ?"

"Mo ti gbàgbé."

Mo jáde. Mo gbé ti Kassebaum padà sí àyè rẹ̀ lórí àrán.

Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n ta àgọ́ ńlá sórí pápá. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì gígùn, wọ́n sì tẹ́ ẹ̀wọ̀n náà sórí rẹ̀. Ìdílé kọ̀ọ̀kan jókòó níwájú owó tirẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnujú, àwo ẹfun àti fínígà. Àwọn ọkùnrin ti ń mu bíà. Lisbeth àti àwọn obìnrin ń gé kéèkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi dúró níwájú pẹ̀lú fìlà ọba oníyẹ̀ẹ́ lórí.

Hedwig ti wọ aṣọ tó dára jù. Ó ki aṣọ ìnujú bọ ẹfun. Ó nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó nù ún lẹ́ẹ̀kejì.

"Háà!" ni ó sọ. Ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, ó ti mọ́! Bàbá mi máa ń fi odidi àárọ̀ jà á. Ogún ọdún tí kò sẹ́ni tó nù ún, ó sì mọ́ báyìí?"

Lẹ́yìn náà ó gbé owó náà súnmọ́ ojú.

"Èyí kọ́."

"Kí ni kì í ṣe?" ni Ọ̀gá Ahlborn béèrè.

"Owó bàbá mi kọ́ nìyí. Ara rẹ̀ ni bàbá mi fi kọ́ mi ní nọ́ńbà kí n tó lọ ilé ìwé. Ení, ẹ̀fà, èjì, ẹ̀sán. Orí itan rẹ̀ ni mo jókòó sí. Ẹ̀rin ló gbẹ̀yìn níbí. Ẹ wò ó fúnra yín!"

Ọ̀gá Ahlborn wò ó. Kord alápatà wò ó.

"Ta ló fọwọ́ kan ẹ̀wọ̀n yìí?" ni Ọ̀gá Ahlborn bi mí.

"Ilé mi ló wà," ni mo sọ. "Àfi ìgbà òtútù, tí ẹ ní kí n gbé e lọ fún..."

Mi ò parí rẹ̀. Kò sí ìdí láti parí rẹ̀.

"Hanke!" ni Kord ké.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Hanke ò jìnnà sí pápá náà. Wọ́n pè é, ó dé pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù iṣẹ́ rẹ̀ lára. Ó fi awò sójú, ó yí owó náà padà. Àpá kékeré kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Ọkùnrin Igbó yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi hàn mí lọ́jọ́ tó tà á fún mi, ó tilẹ̀ dín owó kù nítorí rẹ̀.

Ó yọ awò lójú. Ó gbé ojú sókè. Ó wò mí.

Mo wo bàtà mi.

"Òjé ni wọ́n fi jó òrùka yìí," ni ó sọ jẹ́ẹ́. "Fàdákà ni èmi máa ń fi jó nǹkan. Dúdú tó wà lára rẹ̀ náà, kì í ṣe dúdú ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ẹyin sísè ni wọ́n fi ṣe é."

"Ẹ gbọ́ ọ!" ni Kord sọ. "Ẹ gbọ́ bó ṣe mọ gbogbo ẹ̀ tán! Ta nínú wa ló mọ̀ pé ẹyin ń sọ owó di dúdú?"

"Àpótí kan ṣoṣo ló gbé dé ibí," ni ohùn kan wá láti ẹ̀yìn. "Ẹ wo ohun tó kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lónìí."

"Bàbá Hanke," ni Ọ̀gá Ahlborn sọ, "mo bẹ̀ yín. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin, ta ni?"

"Ẹni tó ṣe é ní ẹnu," ni Bàbá Hanke sọ.

Kò wò mí mọ́. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún.

Nígbà yẹn ni mo gbọ́ tí ọ̀bẹ já bọ́ sínú àwo. Lisbeth ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn. Ó ń wò mí láti ìdí kéèkì. Ó bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ká a, ó fi í sórí àga, ó sì jáde kúrò nínú àgọ́.

Mo mọ ibi tó ń lọ. Orí òkè ni ilé wa wà, ọ̀nà rẹ̀ sì le láti gùn.

Mo ní gbogbo àkókò yẹn.

Kord ní kí wọ́n lọ yẹ ṣọ́ọ̀bù ará Silesia yẹn wò. Bàbá Hanke ní, "Ẹ lọ. Mi ò ti ilẹ̀kùn." Ọkùnrin méjì lọ. Láti inú àgọ́ a ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ jáde, tí nǹkan ń dà sílẹ̀. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ inú aago ni. Bàbá Hanke ò yí orí padà.

Hedwig ń sunkún. "Ẹ kàn dá a padà fún mi," ni ó ń sọ fún un. "Mi ò ní pe ọlọ́pàá. Ẹ ṣáà dá a padà."

"Màdáámù, kò sí lọ́wọ́ mi."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo la ẹnu. Nígbà kẹta ohùn jáde. Ohun tí mo sọ ni: "Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù."

Ọ̀gá Ahlborn gbá mi léjìká. "Ọba wa láàánú jù," ni ó sọ fún àwọn èèyàn. "Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni bàbá yìí, ó ń dùn ún."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu nígbà yẹn. Kò lanu. Ilẹ̀ pápá ni, koríko tútù ló wà lórí rẹ̀, mo sì dúró lé e.

Lisbeth padà wọlé. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó gbé àpótí pẹlẹbẹ mi wá, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú níwájú ikùn. Àwọn èèyàn yà fún un. Ó gbé e sórí aṣọ funfun, ó sì ṣí i.

"Àǹtí Hedwig," ni ó sọ, "ẹ wò ó bóyá tiyín wà níbẹ̀."

Hedwig nu ojú. Ó fi ìka tó wú yẹn tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì bó ṣe ń ka nọ́ńbà. Nígbà tó dé orí ìkẹrìnlá, ó dúró.

"Ẹ̀sán," ni ó sọ.

Ó gbé e. Ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí òrùka wà tẹ́lẹ̀. Ó wá a títí. "Kí ni wọ́n ṣe sí i lórí?"

Àwọn méjì tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ti dé, wọ́n dúró lẹ́nu àgọ́ pẹ̀lú ọwọ́ òfo.

"Ewald," ni Ọ̀gá Ahlborn sọ. Mi ò gbọ́ ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Bọ́ fìlà yẹn."

Mo bọ́ ọ.

Bàbá Hanke dìde. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀. Ó kàn kọjá lára mi, ó lọ ṣa ẹrù rẹ̀ nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Monday, Ọ̀gá Ahlborn fi owó Kassebaum àti òrùka náà sínú àpòòwé, ó sì ní èmi fúnra mi ni kí n gbé e lọ fún Bàbá Hanke. Kò sí ẹlòmíràn ní àgbègbè wa tó lè fi fàdákà jó o.

Bàbá Hanke wà lẹ́yìn káńtà. Ó ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣa àwọn nǹkan aago láti inú àwo ọbẹ̀ kan, ó ń pín wọn sọ́tọ̀.

"Ọ̀gá Bothe," ni ó sọ. "Kí ni mo lè ṣe fún yín?"

Mo gbé àpòòwé náà kalẹ̀. Ó wo etí owó náà.

"Ẹ ti ha á wọnú jù. Mo lè so òrùka mọ́ ọn. Àpá yìí ò ní lọ mọ́."

Ó tan iná kékeré rẹ̀. Mo dúró, torí kò ní kí n jókòó. Ó ti dá ti Braunschweig padà fún olówó rẹ̀, mo rí rìsíìtì rẹ̀ lára ògiri. Nígbà tó jó o tán, ó fi í sínú omi, ó sì dún ṣíí.

"Bàbá Hanke, ẹ foríjì mí," ni mo sọ. "Mi ò mọ ohun tó wọ̀ mí. Mo kàn fẹ́ kí ó pé..."

Ó gbọ́wọ́ sókè pé kí n dákẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ń pè mí bó ṣe ń pè mí tẹ́lẹ̀.

"Pé o jí i, Ewald, mo lè gbàgbé ìyẹn. Láti ìgbà èwe ni mo ti ń fọwọ́ kan owó wọ̀nyí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń wọ ẹni lójú. Ṣùgbọ́n mo wò ọ́. O sì rí i pé mo wò ọ́. Mo rò pé, ó máa sọ ọ́ báyìí, ẹ jẹ́ kó mí díẹ̀ ná. Ìyàwó rẹ gun òkè lọ sílé, ó sọ̀ kalẹ̀ padà. Iṣẹ́ aago ni mò ń ṣe, mi ò lè ṣe kí n má kà á. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni."

Ó nu owó náà gbẹ, ó dà á padà sínú àpòòwé, ó sì tì í sọ́dọ̀ mi.

"Ó ti tán, Ọ̀gá Bothe."

Kí òtútù tó dé, ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin àbúrò rẹ̀ ní Hannover. Mo kọ lẹ́tà mẹ́rin sí i. Kò fèsì. Lisbeth ṣì wà pẹ̀lú mi, ó máa ń sè fún mi, ó máa ń bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá wọ yàrá tó wà lójijì, ó kọ́kọ́ máa ń wo ọwọ́ mi.

Ẹ̀yin tí ẹ bá wà nínú irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn lọ́wọ́lọ́wọ́, níbi tí ẹnì kan ti ń wò yín, tí ó ń dúró dè yín, ẹ má wo bàtà yín. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n gùn. Èèyàn lè sọ ọ̀rọ̀ méjì nínú rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà. Mi ò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìwé sí àwọn tí kò mọ̀ mí rí, kí n lè sọ ọ́ níbì kan kí n tó kú.

Èmi ni.